Ẹ Bo Oúnjẹ, Ẹ Má Ṣe Bo Àìsàn: Ọ̀rọ̀ Lórí Eku, Àdán àti Ibà Lassa

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ ìlú wa bá àpéjọ ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìtẹ̀síwájú sọ, tí a tẹ̀ síhìn-ín fún àǹfààní àwọn ọmọ ìlú tí kò lè wá sílé.)

     

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ mú ìwé wá fún wa pé kí a wá sọ̀rọ̀ níwájú àpéjọ yìí, ó rò pé ọ̀rọ̀ nípa ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ni a ó sọ, nítorí pé iṣẹ́ olùkọ́ ni iṣẹ́ wa láti ọjọ́ tí a ti jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó gbà fún wa nígbà tí a bẹ̀ ẹ́ pé eku ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. A rí i pé àwọn kan ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rín in tán, kí ẹ sì fi etí sílẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. A kì í ṣe dókítà, a kò sì fẹ́ gba iṣẹ́ dókítà ṣe. Olùkọ́ ni wá. Ohun tí àwọn onímọ̀ ti wádìí ni a kà, ohun tí ojú wa rí ní àdúgbò wa ni a sì fẹ́ fi kún un.

Bí a bá ní kí a di gbogbo ọ̀rọ̀ wa òní sínú gbólóhùn kan ṣoṣo, òun náà nìyí: oúnjẹ ni kí a máa bò, kí a má ṣe máa bo àìsàn. Òdì kejì rẹ̀ ni a ń ṣe ní ìlú wa. A sá èlùbọ́ sí ẹ̀bá títì, a gbé gaàrí kalẹ̀ ní gbangba, ṣùgbọ́n bí ibà líle bá mú ará ilé wa, a ó gbé e wọ iyàrá ẹ̀yìn, a ó sì ti ilẹ̀kùn.

BÍ A ṢE MỌ ÀRÙN NÁÀ

Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1969, ní ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Lassa, ní ibi tí a ń pè ní Ìpínlẹ̀ Borno lónìí, nọ́ọ̀sì kan ará Amẹ́ríkà tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn àwọn míṣọ́nnárì dùbúlẹ̀ àìsàn. Laura Wine ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ bí a ti ń tọ́jú ibà, ibà náà kò gbọ́. Wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú gbé e lọ sí Jos, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ó dé ibẹ̀ tí ó fi kú. Charlotte Shaw, nọ́ọ̀sì tí ó tọ́jú rẹ̀ ní Jos, dùbúlẹ̀, òun náà sì kú. Ẹnì kẹta, Lily Pinneo, tí òun pẹ̀lú ti tọ́jú aláìsàn, dùbúlẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí New York ní Amẹ́ríkà, Ọlọ́run sì yọ ọ́.

Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Yale gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti wá ìdí àrùn náà. Ọ̀kan nínú wọn, Jordi Casals, kó o níbi tí ó ti ń ṣe àyẹ̀wò. Omi ara ẹ̀jẹ̀ Pinneo, ẹni tí ó ti yè, ni wọ́n fà sí i lára, ara rẹ̀ sì yá. Òṣìṣẹ́ mìíràn níbẹ̀, Juan Roman, kò yè é. Ní oṣù Èrèlè ọdún 1970, Dókítà Jeanette Troup, tí ó ti ń bá àrùn náà jà ní Jos láti ìbẹ̀rẹ̀, gé ara rẹ̀ lọ́wọ́ níbi tí ó ti ń ṣe àyẹ̀wò òkú ẹni tí àrùn náà pa, òun náà sì bá a lọ.

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí yìí. Àwọn wo ni àrùn náà pa? Nọ́ọ̀sì, dókítà, òṣìṣẹ́ tí ń wá ìwòsàn. Wọn kò bá ẹnikẹ́ni jà, wọn kò jẹ gbèsè òrìṣà kankan, kò sí orogún tí ó ń ṣe ìlara wọn. Ìtọ́jú aláìsàn ni ó mú wọn. Nítorí náà, nígbà tí ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta bá dùbúlẹ̀ léraléra nínú ilé kan, kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá àjẹ́ kiri, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ béèrè ẹni tí ó fọ aṣọ ẹni àkọ́kọ́, àti ẹni tí ó nu èébì rẹ̀.

Orúkọ ìlú náà ni wọ́n fi pe àrùn náà: ibà Lassa. Àwọn ará Lassa kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ibẹ̀ ni a ti kọ́kọ́ dá a mọ̀ ni. Ohun tí ń fà á jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn kòkòrò àìfojúrí tí wọ́n kéré jù lọ, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní fáírọ́ọ̀sì. Ní 1972, ní ilẹ̀ Sierra Leone, wọ́n rí ilé tí fáírọ́ọ̀sì náà ń gbé. Inú eku ni.

EKU TÍ A Ń BÁ GBÉ

Eku náà kò tóbi. Àwọ̀ rẹ̀ pọ́n díẹ̀ bí ilẹ̀. Ohun tí àwọn onímọ̀ fi ń dá a mọ̀ ni ọmú rẹ̀, nítorí pé ọmú abo rẹ̀ lè tó 16 títí dé 24. Ẹ fi ìyẹn mọ iye ọmọ tí ó lè bí lẹ́ẹ̀kan. Oko ni ó ń gbé, ilé ni ó ń gbé pẹ̀lú. Bí oúnjẹ bá pọ̀ lóko, ó ń jẹ níbẹ̀. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, tí a ti kórè tán, tí a sì ń fi iná sun igbó, ilé wa ni ó ń sá wọ̀.

Àrùn náà kì í pa eku náà, kì í tilẹ̀ hàn lára rẹ̀. Bí ó bá ti wọ ara rẹ̀, ó lè máa bá ìtọ̀ rẹ̀ jáde fún ìgbà pípẹ́, bóyá títí tí eku náà yóò fi kú. Ibi tí eku bá sáré kọjá ni ó ń tọ̀ sí. Bí ó bá tọ̀ sínú gaàrí, gaàrí kò ní yí àwọ̀ padà, kò ní rùn. Àmàlà yóò sáà kọjá nínú omi híhó kí ó tó dé ọwọ́ wa. Ṣùgbọ́n gaàrí tí ọmọ bù láti inú àpò tí a kò dì lẹ́nu, tí ó da omi tútù sí, tí ó sì mu, iná wo ni ó tún rí?

Ọ̀nà tí àrùn yìí ń gbà wọ ara ènìyàn kò ju mélòó kan lọ. Ó ń gba inú oúnjẹ tàbí abọ́ tí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ eku kàn. Ó ń gba ojú egbò ara. Ó ń gba imú nígbà tí a bá gbá ìgbẹ́ eku gbígbẹ tí eruku rẹ̀ sọ. Ó ń wọ ara ẹni tí ó fi ọwọ́ lásán mú eku, tí ó bó o, tí ó yọ ìfun rẹ̀. Lẹ́yìn tí ó bá sì ti wọ ara ènìyàn, ó ń gba inú ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀, èébì àti omi ara aláìsàn lọ sára ẹlòmíràn.

A mọ̀ pé kò sí oṣù tí kò lè jà, ṣùgbọ́n láti oṣù Bélú títí dé oṣù Igbe ni ó máa ń gbóná jù. Ẹ rántí pé inú àkókò yìí gan-an ni ìpàdé wa yìí bọ́ sí, nígbà tí gbogbo ilé kún fún àlejò, tí ìkòkò kò sọ̀ kalẹ̀ lórí iná. Ní 2018, àwọn tí àyẹ̀wò fi hàn pé wọ́n ní in ní ilẹ̀ Nàìjíríà ju 600 lọ. Ní 2020, wọ́n ju 1,000 lọ. Ìpínlẹ̀ Oǹdó tiwa, Ìpínlẹ̀ Edo tí a jọ pààlà, àti Ìpínlẹ̀ Bauchi ni ó sábà máa ń wà níwájú nínú ìròyìn náà. Ìdíje tí a kò fẹ́ gba ipò kìíní nìyẹn.

ÀDÁN ÀTI ASÍN PẸ̀LÚ

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé eku nìkan ni ó ń gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀, tàbí pé ọ̀nà jíjìn ni ọ̀rọ̀ náà wà. Ní 1956, àwọn onímọ̀ mú àdán ní Erékùṣù Èkó, wọ́n sì rí fáírọ́ọ̀sì kan nínú wọn tí ó jẹ́ ìbátan àrùn dìgbòlugi tí ajá ń ní. Títí di òní, orúkọ Èkó ni wọ́n fi ń pè é nínú ìwé ìmọ̀ gbogbo ayé. Ní 1968, wọ́n rí ìbátan rẹ̀ mìíràn lára asín ní Mọ́kọ́lá ní ìlú Ìbàdàn, wọ́n sì fi orúkọ Mọ́kọ́lá pè é. Asín tí a mọ̀ sí olóòórùn yìí náà ni, tí ń fẹ̀gbẹ́ ògiri rìn lóru.

Ẹ tún rántí Ebola. Àwọn onímọ̀ gbà pé ó jọ pé inú àdán ni ó ti ń wá. Ní ogúnjọ́ oṣù Agẹmọ ọdún 2014, arìnrìn-àjò kan gbé e láti Liberia wọ Èkó. Dókítà Ameyo Adadevoh ni ó fura sí i ní ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé e lọ. Wọ́n fi agbára bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí aláìsàn náà máa lọ, ó kọ̀ jálẹ̀. Ó pariwo rẹ̀ síta, ìjọba gbọ́, wọ́n sì wá gbogbo àwọn tí ó ti fara kàn án rí. Ogún ènìyàn ni ó ní àrùn náà ní Nàìjíríà, mẹ́jọ kú, Dókítà Adadevoh fúnra rẹ̀ sì wà lára wọn. Ní ogúnjọ́ oṣù Ọ̀wàrà ọdún náà, àjọ ìlera àgbáyé kéde pé ilẹ̀ wa ti bọ́. Bí obìnrin náà bá bo àìsàn yẹn mọ́lẹ̀ nínú ìlú tí ó kún bí Èkó, ta ni ó lè ka òkú?

Ṣùgbọ́n a kò wí pé kí a lọ máa sun àdán lórí igi. Àdán ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe fún wa. Àdán ńlá tí ń jẹ èso ni ó ń gbé kóró ìrókò láti ibi kan dé ibi kan, tí ìrókò fi ń hù níbi tí ẹnikẹ́ni kò gbìn ín sí. Kí a fi í sílẹ̀ lórí igi rẹ̀ ni. Kí àwọn ọmọ má ṣe jẹ èso tí àdán ti gé jẹ, kí wọ́n má sì mú àdán tí ó já bọ́ ṣeré. Ẹni tí àdán bá gé jẹ, kí ó fi ọṣẹ àti omi fọ ojú egbò náà dáadáa, kí ó sì lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an.

BÍ ÀÌSÀN NÁÀ ṢE ŃRÍ

Láti ọjọ́ tí ibà Lassa bá wọ ara títí dé ọjọ́ tí yóò fara hàn lè jẹ́ ọjọ́ méjì, ó sì lè tó ọjọ́ mọ́kànlélógún. Nínú ènìyàn mẹ́wàá tí ó bá kó o, bí mẹ́jọ ni kò ní mọ̀, tàbí tí yóò rò pé àárẹ̀ lásán ni. Ara àwọn tí ó kù ni ó ti ń di ọ̀rọ̀ ńlá. Ara yóò gbóná, orí yóò fọ́, ọ̀nà ọ̀fun yóò máa dunni, àyà àti ẹ̀yìn yóò máa ro, èébì àti ìgbẹ́ gbuuru lè tẹ̀lé e. Bí ó bá le jù, ojú á wú, ẹ̀jẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ní èrìgì, ní imú tàbí níbòmíràn. Nínú àwọn tí ó bá wọ̀ lára débi tí a fi dá wọn dúró sí ilé ìwòsàn, bí 15 nínú 100 ni ó ń kú. Aboyún tí oyún rẹ̀ ti dàgbà ni ó ń fojú winá rẹ̀ jù, òun àti ọmọ inú rẹ̀. Nínú àwọn tí ó yè, bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ni etí rẹ̀ ń di. Ti àwọn kan á tún là díẹ̀, ti àwọn mìíràn kò ní là mọ́.

Ibi tí ẹ̀tàn wà ni pé ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, kò yàtọ̀ sí ibà ẹ̀fọn tàbí taifọ́ọ̀dù. Oògùn ibà ni a ó máa lò, tí a ó máa pààrọ̀ rẹ̀, tí ọjọ́ á máa lọ. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a ń pa làpálàpá. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà sì wà. Oògùn kan wà tí ń jẹ́ ribavirin tí àwọn dókítà ń lò fún un. Bí a bá tètè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàrin ọjọ́ mẹ́fà àkọ́kọ́ ni ó ń ṣiṣẹ́ jù. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Ọ̀wọ̀ àti èyí tí ó wà ní Irrua ní Ìpínlẹ̀ Edo ti mọ àrùn yìí dunjú, wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀ lójoojúmọ́ ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn. Títí di ìgbà tí a ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, kò tí ì sí abẹ́rẹ́ àjẹsára tí a fọwọ́ sí fún un. Ọgbọ́n orí wa ni àjẹsára tí ó wà lọ́wọ́.

OHUN TÍ OJÚ WA RÍ

Ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ìyá kan tí ń ta gaàrí ní àdúgbò wa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe òjòjò. Oníkẹ́míìsì kan fún un ní oògùn ibà. Ní ọjọ́ kẹrin ó gún un lábẹ́rẹ́, ní ọjọ́ keje ó tún gún un. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ yọ ní èrìgì ìyá náà, àwọn ẹbí ní ọwọ́ ayé ni. Wọ́n gbé e wọ iyàrá ẹ̀yìn, wọ́n sì ń sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé ó lọ kí àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Àkúrẹ́. Ọjọ́ kọkànlá ni wọ́n tó gbé e dé Ọ̀wọ̀. Àyẹ̀wò sọ pé ibà Lassa ni, ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin ni ó ń fọ aṣọ rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyí. Kò ju ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn ìsìnkú lọ tí ibà mú òun náà. Àwọn elétò ìlera ti kìlọ̀ fún un, nítorí náà ọjọ́ tí ara rẹ̀ gbóná ni ó ránṣẹ́ sí wọn. Ó yè. Ó ń bẹ láàrin wa títí di òní, ó ń tajà rẹ̀. Bí ẹ bá pè é láti apá òsì, yóò yí gbogbo ara padà kí ó tó dá yín lóhùn, nítorí pé etí ọ̀tún nìkan ni ó kù. Ẹ̀gbọ́n bo àìsàn, ó kú. Àbúrò kò bò ó, ó yè.

Ẹ̀yin ará, apá tí ó kù nínú ìtàn yìí ni ó mú wa dìde lónìí, kò sì rọrùn fún wa láti sọ. Ọmọkùnrin ìyá náà ń bẹ nínú kíláàsì wa. Àwọn elétò ìlera ṣọ́ ọ fún ọjọ́ mọ́kànlélógún, wọ́n ní kò sí nǹkan kan lára rẹ̀, kí ó padà sí ilé-ẹ̀kọ́. A ti ka ìwé. A ti mọ̀ pé àrùn yìí kì í ràn nípa pé ènìyàn jókòó ti ara wọn tàbí bọ ara wọn lọ́wọ́, àgàǹtó ọmọ tí kò tilẹ̀ ṣàìsàn. Síbẹ̀, àwa tí a ń sọ̀rọ̀ yìí gbé àga ọmọ náà lọ sí ẹ̀yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. A ní afẹ́fẹ́ ibẹ̀ dára fún un. Ọmọ náà kò fèsì. Ní ọjọ́ kẹta, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kó ìwé ìṣirò wá sórí tábìlì wa, òun gbé tirẹ̀ sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, ó ṣí i sí ojú ewé tí a ó máàkì, ó sì padà lọ jókòó. Kò fẹ́ kí a fi ọwọ́ kan ohun tí òun fi ọwọ́ kàn mọ́ ti àwọn yòókù.

Ojú tì wá. A lọ gbé ìwé náà nílẹ̀, a sì gbé àga rẹ̀ padà síwájú. Ṣùgbọ́n ohun tí a ti ṣe ti jáde sí ìgboro. Ní oṣù tí ó tẹ̀lé e, ibà líle mú baálé ilé kan ní òpópó kan náà, ìyàwó rẹ̀ sì gbé e pamọ́ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Nígbà tí a gbọ́, a lọ bá a pé kí ló dé tí kò fi gbé ọkọ rẹ̀ jáde. Obìnrin náà kúnlẹ̀ kí wa, ó sì wí pé, “Tíṣà, ẹ má bínú. Àwọn ọmọ mi náà ń bọ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ yín. Mi ò fẹ́ kí ẹ gbé àga wọn lọ sẹ́yìn.” Ọlọ́run bá wa ṣe é, àyẹ̀wò fi hàn pé ibà ẹ̀fọn ni. Bí ó bá jẹ́ èkejì ni ńkọ́? Àwa ni a kọ́ obìnrin yẹn ní ẹ̀kọ́ ìbòmọ́lẹ̀, a kò sì lo ṣọ́ọ̀kì kankan láti fi kọ́ ọ.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, a délé, a tan iná, a yẹ àpò èlùbọ́ tiwa wò. Ẹnu rẹ̀ wà ní ṣíṣí. Ìgbẹ́ eku wà nínú rẹ̀.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A ṢE

Ìkínní, nínú ilé. Kí a ra agolo tàbí ike tí ó ní ọmọrí tí ó le fún gaàrí, èlùbọ́, ìrẹsì àti ẹ̀wà. Àpò tí a so lẹ́nu kò tó, eku ní eyín. Kí a fọ abọ́ ní alẹ́, kí a sì da orí wọn dé. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní ráyè wọ ibẹ̀. Kí a di gbogbo ihò ara ilé pa. Ẹni tí ó bá lè sin ológbò, kí ó sìn ín. Ìgbẹ́ eku kì í ṣe ohun tí a ń gbá ní gbígbẹ. Kí a wọ́n omi tí a ti po bílíìṣì mọ́ sí i, kí a dúró díẹ̀, kí a bo ọwọ́, kí a sì nù ún kúrò.

Ìkejì, lóko àti lọ́jà. Kí a yé sá èlùbọ́ àti láfún sí ẹ̀bá títì àti orí àpáta tí a ń fi í sílẹ̀ sùn. Orí àtẹ gíga ni kí a sá a sí, kí a sì kó o wọlé kí oòrùn tó wọ̀. Ní ti ẹran eku, a kò ní purọ́: ó dùn, inú oko ni a sì ti dàgbà. Ṣùgbọ́n ojú lásán kò lè mọ èyí tí ó mọ́ yàtọ̀ sí èyí tí kò mọ́. Kí a fi eku kéékèèké inú ilé àti ti oko sílẹ̀. Ní ilé-ẹ̀kọ́ tiwa, ọdọọdún ni a máa ń jẹ́ kí àwọn ọmọ fi igi lé eku nígbà tí a bá sun igbó ẹ̀yìn kíláàsì. A ti fi òpin sí i.

Ìkẹta, nígbà àìsàn. Ibà tí ó bá lo oògùn fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta tí kò gbọ́, kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí a sì fi ẹnu ara wa sọ fún dókítà pé, “Ìlú wa ni ibà Lassa ti ń jà, ẹ bá wa yẹ̀ ẹ́ wò.” Ẹni tí ó ń tọ́jú aláìsàn, kí ó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, kí ó sì máa fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Bí ọlọ́jọ́ bá dé, kí a má ṣe wẹ òkú fúnra wa. Kí a ránṣẹ́ sí àwọn elétò ìlera. Kì í ṣe àìbọ̀wọ̀ fún òkú, ìfẹ́ sí àwọn alààyè tí ó fi sílẹ̀ ni.

Ìkẹrin, ẹ̀yin ọmọ wa ní òkè òkun. Ní oṣù Èrèlè ọdún 2022, ènìyàn mẹ́ta nínú ìdílé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a rí ibà Lassa lára wọn lẹ́yìn tí wọ́n ti ìrìn-àjò Mali bọ̀, ọ̀kan sì kú nínú wọn. Bí ẹ bá ti ilé padà, tí ara yín sì gbóná láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ má ṣe jẹ́ kí ojú tì yín láti sọ fún dókítà ibi tí ẹ ti bọ̀. Dókítà tí kò mọ ilé yín kò lè mọ eku ilé yín.

Ìkarùn-ún, ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́. Gbọ̀ngàn ìlú tí owó wa ń kọ́ dára, a sì gbóríyìn fún yín. A bẹ̀ yín pé nínú owó ọdún tí ń bọ̀, ẹ yọ ìwọ̀nba fún nǹkan mẹ́ta: àtẹ ìsáǹkan tí a yí ká ní ọjà, ibi ìdalẹ̀sí tí a ń kó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àti owó ọkọ̀ tí yóò gbé aláìsàn lọ sí Ọ̀wọ̀ lọ́sàn-án tàbí lóru láìbéèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ará ilé rẹ̀. Ilé tí àwọn elétò ìlera bá sì ń ṣọ́, kí ẹgbẹ́ gbé oúnjẹ lọ síbẹ̀. Nígbà tí ìlú bá rí i pé ẹni tí ó sọ òtítọ́ kò jìyà, òtítọ́ kò ní ṣòro í sọ.

Ọ̀gbẹ́ni Alága, a kò ní jẹ́ kí oúnjẹ tutù mọ́ àwọn àlejò lẹ́nu. Ọmọ tí a gbé àga rẹ̀ lọ sẹ́yìn ti jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ wa, ó ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga báyìí. A ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ti fi jì wá. Èyí tí a sọ lónìí jẹ́ ìyókù gbèsè náà. Nígbà tí ẹ bá délé ní alẹ́ yìí, kí ẹ tó sùn, ẹ tan iná, kí ẹ yẹ àpò gaàrí yín wò. Bí ará ilé kan bá sì wà tí ibà ti ń ṣe láti ọjọ́ mélòó kan, ẹ má ṣe jẹ́ kí ilẹ̀ ọ̀la ṣú bá a nínú iyàrá ẹ̀yìn.

Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí a fi ọwọ́ ara wa pe àrùn wọlé. Ìlú wa kò ní bàjẹ́, àwa kò ní bá a bàjẹ́.